Ẹ fi ìdí màlúù sílẹ̀

Níbi òkú àgbà kan ní Ìsánlú lọ́jọ́sí, bí wọ́n ṣe gbé oúnjẹ síwájú wa báyìí ni bọ̀ọ̀dá mi kan tún mú un dé: "Ìsó màlúù yìí ló ń mú ayé gbóná o." Gbogbo tábìlì bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi.

Mìtéènì, afẹ́fẹ́ kan tí ojú ò lè rí, ni wọ́n ń sọ. Lóòótọ́ ló ń mú ayé gbóná: láàárín 100 ọdún, kílò kan rẹ̀ lágbára tó nǹkan bíi kílò 28 kábọ́nì-dáyọ́ksáìdì, afẹ́fẹ́ tó ń bá èéfín jáde. Lóòótọ́ ló ń ti ara màlúù jáde. Àmọ́ ẹnu àti imú ló ń gbà. Nínú 100 èyí tí ikùn rẹ̀ ń ṣe, nǹkan bíi 95 ló ń bá gùfẹ̀ àti èémí jáde.

Ṣàkì tí bọ̀ọ̀dá ń jẹ lọ́wọ́ gan-an ni ibi tí mìtéènì yìí ti ń wá. Ibẹ̀ ni koríko ń bọ́ sí láti ọ̀fun, tí àwọn kòkòrò tí ojú ò lè rí ń mú un kan bí ẹ̀gẹ́ tá a rẹ sómi.

Mo ti fojú ara mi rí i. Màlúù Fúlàní kan wọ oko bàbá mi lọ́nà Kábà (ẹjọ́ ìyẹn ti parí nílé baálẹ̀), iṣu há a lọ́fun. Kò lè gùfẹ̀ mọ́. Kò pẹ́, ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ wú, ó le bí awọ ìlù, ló bá ṣubú. Darandaran fa ọ̀bẹ yọ, ó gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì níbẹ̀, lẹ́yìn eegun ìhà. Fùùù! Ikùn fọ̀, ẹran mí. Ẹ gbọ́ o, ìdí rẹ̀ ò dí lọ́jọ́ náà. Ó ń yàgbẹ́ níbi tó dùbúlẹ̀ sí. Tó bá jẹ́ ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ yẹn ń gbà, kí lọ̀bẹ wá ṣe?

Wọ́n á ní ìsó ẹ̀ ń rùn. Mìtéènì ò ní òórùn kankan.

Ó ń só, mi ò jiyàn. Díẹ̀ ń gba ibẹ̀, òmíràn sì ń ti inú ìgbẹ́ tó kóra jọ jáde.

Ewúrẹ́ àti àgùntàn tó ń jẹ àpọ̀jẹ náà ń gùfẹ̀ mìtéènì. Ìrẹsì gan-an wà níbẹ̀: tí omi bá dúró lórí oko ìrẹsì, irú èyí tó wà ní àkùrọ̀, àwọn kòkòrò inú ẹrẹ̀ á máa ṣe é. Mo bi bọ̀ọ̀dá pé ibo ni ìrẹsì ń gbà só. Wọ́n ní kí n jẹun mi.