Ta ló ní gbogbo Gúúsù ló dúró ti Jefferson Davis?

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Nínú ẹgbẹ́ WhatsApp àwa ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Virginia, bọ̀dá kan tún fohùn ránṣẹ́ lánàá pé ìdí tí Yorùbá ò fi lè dá dúró ni pé ẹnu wa ò kò. Ó ní ká lọ wo àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà nígbà ogun abẹ́lé wọn: gbogbo wọn ló dìbò fún Davis, ààrẹ tí wọ́n yàn nígbà tí wọ́n yapa kúrò lára Amẹ́ríkà, ẹnì kan ò ta kò ó, wọ́n sì jọ jà á dópin. Kíá làwọn èèyàn ti ń pàtẹ́wọ́ fún un. Ká dá dúró o, ká má dá dúró o, ìyẹn kọ́ ni mo fẹ́ sọ lónìí. Irọ́ tí wọ́n ń pa nípa Gúúsù yìí ni mi ò lè gbé mì.

Ibi tí wọ́n ti fà á yọ ni ìdìbò oṣù kọkànlá ọdún 1861. Lóòótọ́, gbogbo ìbò 109 tó wà lọ́wọ́ àwọn aṣojú tí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan yàn láti dìbò yan ààrẹ ni Davis kó. Ta ló bá a dupò? Kò sẹ́nì kankan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Nàìjíríà lọ́dún 1998, ẹ ṣáà rántí bí ẹgbẹ́ òṣèlú márààrún ṣe fa Abacha nìkan kalẹ̀. Ṣé ẹnu wa ló kò nígbà yẹn? Àwọn tó kọ́kọ́ fi Davis ṣe ààrẹ onígbà díẹ̀ ní Montgomery, ní oṣù kejì ọdún kan náà, aráàlú kọ́ ló dìbò yàn wọ́n. Àpérò ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló rán wọn wá.

Àti pé, ta là ń pè ní gbogbo Gúúsù? Ọkùnrin aláwọ̀ funfun nìkan ló ń dìbò. Nínú nǹkan bíi mílíọ̀nù 9 èèyàn tó wà ní ìpínlẹ̀ mọ́kànlá tó yapa, ó lé ní mílíọ̀nù 3 tó jẹ́ ẹrú. Ní South Carolina àti Mississippi, ẹrú pọ̀ ju àwọn tó wà lómìnira lọ. Àwa aláwọ̀ dúdú la tún wá ń ka "gbogbo" láìka àwọn yẹn mọ́ ọn!

Ọdún 1863 gan-an lọ̀rọ̀ wà. Kóńgírẹ́ẹ̀sì wọn ní Richmond, olú-ìlú wọn, ti ṣòfin lọ́dún tó ṣáájú pé kí ọkùnrin aláwọ̀ funfun láti ọmọ ọdún 18 sí 35 wọṣẹ́ ológun tipátipá. Kò pẹ́ tí wọ́n fi tún ní ẹni tó bá ń bójú tó ogún ẹrú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè jókòó sílé. Inú bí tálákà. Owó orí tún dé: kí àgbẹ̀ yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá ìkórè rẹ̀ fún ìjọba. Ní oṣù kẹrin 1863, àwọn obìnrin tí ebi ń pa ya wọ àwọn ṣọ́ọ̀bù níbí ní Richmond, wọ́n ń kó oúnjẹ.

Inú ìbínú yẹn ni wọ́n ti dìbò sílé aṣòfin, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lásìkò tirẹ̀. Nígbà tí ilé tuntun jókòó ní oṣù karùn-ún 1864, bí aṣojú-ṣòfin 41 nínú 106 ló ń ta ko Davis, àti sẹ́nétọ̀ 12 nínú 26. Mo gbà pé wọn ò ní ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹni tó ń kà á ló ń pinnu ta ni alátakò, iye yẹn lè yẹ̀ díẹ̀. Ó tán.

Báwo wá ni Davis ṣe ń rí ìbò tó pọ̀ tó nínú ilé? Èyí ló dùn mọ́ mi jù. Àwọn tó ń gbè é lẹ́yìn gbágbágbá ni àwọn aṣòfin láti ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ò tó mọ́: Kentucky, Missouri, Tennessee, níbi tí ọmọ ogun Àríwá ti gbalẹ̀. Sójà nínú bùdó àti àwọn tó sá kúrò nílé ló dìbò fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Aṣòfin tí ìjọba ò lè gbowó orí lọ́wọ́ àwọn ará ẹkùn rẹ̀, tí kò lè mú ọmọ wọn lọ sójú ogun, kí ló fẹ́ dí i lọ́wọ́ láti dìbò fún owó orí àti ogun? Ẹ̀yìn Davis ò fi bẹ́ẹ̀ gún láàárín àwọn tó ń jìyà òfin rẹ̀.

Nínú sẹ́nétì, ní oṣù kejì 1863, wọ́n ń jiyàn lórí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ. Benjamin Hill ti Georgia, ọmọ ẹ̀yìn Davis, gbé ìgò yíǹkì, ó sọ ọ́ lu William Yancey ti Alabama lójú. Ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Yancey yìí wà lára àwọn tó pariwo ìyapa jù lọ o! Títí ogun fi parí, wọn ò dá ilé ẹjọ́ náà sílẹ̀.

Wọ́n á ní àwọn sójà wọn jà tọkàntọkàn. Àwọn kan jà, àwọn kan sì sá lọ sílé.

Mo mú àwọn ọmọ mi lọ wo ère Davis ní mùsíọ́mù Valentine, lẹ́yìn tí àwọn tó ń ṣèwọ́de ti wó o lulẹ̀ ní 2020. Ó sùn gbalaja, ọ̀dà píǹkì kún un lára. Bàbá aláwọ̀ funfun kan tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní kò sẹ́ni tí ò fẹ́ràn ọkùnrin yìí láyé ìgbà náà. Mo ní kó wo ọdún tí wọ́n gbé ère náà dúró: 1907. Ọdún márùn-ún péré ṣáájú rẹ̀, ní 1902, ni Virginia ṣe ìwé òfin tó gba ìbò lọ́wọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú. Àwọn ará ìgbà yẹn ló hun ìtàn ìṣọ̀kan yìí, tí bọ̀dá wa wá ń rà á lọ́wọ́ wọn.

Ní oṣù kẹta 1865, ọ̀rọ̀ fífi ẹrú ṣe sójà fẹ́ pín sẹ́nétì sí méjì. Ìbò kan ṣoṣo ló gbé e wọlé. Lọ́jọ́ 13 oṣù náà, Davis kọ̀wé bú àwọn aṣòfin pé wọ́n ń fi iṣẹ́ falẹ̀, sẹ́nétì sì dá èsì ìbínú padà fún un. Lọ́jọ́ 18, wọ́n túká. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí Richmond fi bọ́ sọ́wọ́ Àríwá.