Owó Ìsinmi Ọ̀sẹ̀ Méjì Kọ́ La Fi Ń Díwọ̀n Ìrìn-Àjò Ọdún Kan

Ẹ sọ ọ́ láàárín ọ̀rẹ́ pé ẹnì kan fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ní ẹni ọdún 45, pé ó ti palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, ó sì ń ti orílẹ̀-èdè kan bọ́ sí òmíràn láti ìgbà náà. Ohun tí ẹ máa gbọ́ ò ju méjì lọ: àfi kí ó jẹ́ pé ó jogún owó rẹpẹtẹ, tàbí kí owó rẹ̀ tán kó tó pé ọdún mẹ́ta. Ibi tí wọ́n ti mú ọ̀rọ̀ náà wá ò fara sin. Wọ́n ti lọ fún ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì rí, wọ́n sì rántí iye tí wọ́n ná. Ọ̀sẹ̀ 52 ló wà nínú ọdún. Wọ́n á sọ iye yẹn di ìlọ́po 26, ẹ̀rù á bà wọ́n, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ìlọ́po yẹn tọ̀nà o. Ohun tí wọ́n sọ di ìlọ́po gan-an ni kò tọ̀nà.

Ẹ wo bí ẹni tó gba ìsinmi ṣe ń náwó. Ọjọ́ tí ọ̀gá fún un láyè ló máa wọ bàálù, àsìkò yẹn náà sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń wọ̀ ọ́, tíkẹ́ẹ̀tì á ti gbówó lórí. Hòtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń gba owó rẹ̀ lálaalẹ́ ló ń sùn. Kò sí ibi ìdáná, ilé oúnjẹ ló ti ń jẹun láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Torí pé kò mọ̀ bóyá òun tún máa débẹ̀ mọ́, ó fẹ́ rí gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan, gbogbo ẹnu ọ̀nà tó bá sì gbà wọlé ló ti ń sanwó. Èyí tí wọn kì í kà mọ́ ọn ni pé owó ilé tó fi sílẹ̀ kò dúró: owó ilé ń lọ, owó iná ń lọ, adójútòfò ọkọ̀ tó wà nínú gáréèjì ń lọ. Ibi méjì ló ń gbé lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ń san owó méjèèjì.

Ẹni tí iṣẹ́ ò dúró dè mọ́ ti bọ́ lọ́wọ́ gbogbo ìyẹn. Ẹ jẹ́ ká mú tíkẹ́ẹ̀tì bàálù nìkan. Ká ní àlọ àti àbọ̀ jẹ́ 1,200 dọ́là. Ẹni tó lo ọjọ́ 14 ti ná bíi 86 dọ́là lójúmọ́ lórí bàálù kó tó fi omi kan ẹnu. Ẹni tó lo ọjọ́ 90, bíi 13 dọ́là ni tiẹ̀ lójúmọ́. Ibi kan náà ni wọ́n lọ, inú bàálù kan náà ni wọ́n jókòó sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ilé: owó ìtọ́jú ilé tí wọ́n ń gbà lẹ́ẹ̀kan lọ́wọ́ àlejò, iye kan náà ni ẹni tó sùn fún ọjọ́ mẹ́ta àti ẹni tó lo oṣù kan máa san, ọ̀pọ̀ onílé ló sì ń dín owó kù fún ẹni tó bá gba odindi oṣù. Nígbà tí ẹ bá fi máa lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ ti mọ ọjà tí àwọn ará ibẹ̀ ń ná, ẹ ti mọ bọ́ọ̀sì tó ń lọ síbi tí ẹ fẹ́, ẹ ti ń dáná.

Bí ibì kan ṣe jìnnà tó kọ́ ló ń tán owó arìnrìn-àjò. Iye ìgbà tó ń ṣí nípò ni. Ẹni tó bá lọ sí orílẹ̀-èdè 20 láàárín ọdún kan máa ná owó ìsinmi lóòótọ́, torí pé ìsinmi ló ń ṣe. Ẹni tó bá lọ sí mẹ́rin tàbí márùn-ún, owó ìgbé ayé ni yóò ná.

Àmọ́ ẹ má tìtorí ìyẹn sáré lọ sí òdìkejì. Àwọn kan gbọ́ eléyìí tán, wọ́n wá ń sọ pé pọ́ọ́kú lowó ìrìn-àjò, pé kí èèyàn ṣáà ti lọ síbi tí nǹkan ti dẹ̀rọ̀. Ẹ yẹ iye oṣooṣù tí wọ́n ń gbé káàkiri orí íntánẹ́ẹ̀tì wò dáadáa. Lọ́pọ̀ ìgbà, owó ilé àti oúnjẹ nìkan ló wà níbẹ̀. Bàálù ò sí níbẹ̀, adójútòfò ò sí níbẹ̀, owó orí ò sí níbẹ̀, eyín tó ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n ò sí níbẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ètò ìnáwó, ó kàn jẹ́ apá tó rọrùn láti kà nínú rẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí owó àpamọ́ fúnra rẹ̀. Lọ́dún 1994, William Bengen, ará Amẹ́ríkà kan tó ń gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn lórí owó, gbé ìṣirò kan jáde. Ó wo àwọn ọdún tí èèyàn ì bá ti fẹ̀yìn tì láti 1926, ó sì rí i pé ẹni tó fi owó rẹ̀ sínú ìpín ìdókòwò (ìpín nínú ilé iṣẹ́) àti bọ́ǹdì (owó tí èèyàn yá ìjọba, tó ń mú èlé wá) ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tó mú 4% nínú rẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́, tó wá ń fi iye tí ọ̀wọ́ngógó bá jẹ́ kún un lọ́dọọdún, owó rẹ̀ á tó o lò fún ọdún 30 ó kéré tán. Lọ́dún 1998, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n mẹ́ta ní Yunifásítì Trinity ní Texas ṣe ìwádìí tó fara jọ ọ́, òkìkí rẹ̀ sì kàn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mú un pé ẹni tó bá ti ní ìlọ́po 25 ohun tó ń ná lọ́dún lè fẹ̀yìn tì, torí pé ìdá kan nínú 25 ni 4%.

Ẹ kíyè sí i pé ọdún 30 ni wọ́n sọ. Ẹni tó fẹ̀yìn tì ní 45 lè ṣì ní ọdún 45 tàbí 50 níwájú. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó tètè fẹ̀yìn tì fi ń lo 3.5%, tí àwọn tó ń ṣọ́ra jù sì ń lo 3%, èyí tó jẹ́ bíi ìlọ́po 29 sí 33. Tèmi ni pé kí ẹni tí kò tíì pé 50 bẹ̀rẹ̀ láti 3.5%. Ṣùgbọ́n ìlọ́po 25 rọrùn fún ìṣirò orí, ẹ jẹ́ ká fi wo ilé tí ẹ fi sílẹ̀.

Ká ní ilé tí kò sẹ́ni kankan nínú rẹ̀ ń jẹ 6,000 dọ́là lọ́dún: owó orí ilé, àtúnṣe, adójútòfò, owó ẹni tó ń bá yín bojú tó o. Ìlọ́po 25 rẹ̀ jẹ́ 150,000 dọ́là. Gbogbo owó yẹn nínú àpamọ́ yín kò níṣẹ́ mìíràn ju kó máa bọ́ ilé òfìfo. Wọ́n á wá ní ìrìn-àjò wọ́n! Ẹ tún kíyè sí adójútòfò ilé náà, torí ọ̀pọ̀ ìwé àdéhùn wọn ló sọ pé bí ilé bá ṣófo ju ọjọ́ 30 tàbí 60 lọ, àwọn òfò kan wà tí àwọn ò ní san mọ́. Mi ò ní kí ẹ tà á. Bí ẹ bá fi háyà, ó lè di owó tó ń wọlé. Bí ọkàn yín ò bá sì gbà láti fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, kò burú, ṣùgbọ́n ẹ kọ 150,000 yẹn sílẹ̀ ní orúkọ rẹ̀, kí ẹ má dì í ru bàálù.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń bẹ̀rù ìrìn-àjò kì í rò, èmi sì rò pé òun ló ṣe pàtàkì jù. Pé ọjà ìdókòwò já wálẹ̀ nìkan kọ́ ló ń ba ẹni tó fẹ̀yìn tì jẹ́, àsìkò tó já ni. Bí ó bá já lọ́dún kìíní tàbí ìkejì, ẹ ó máa ta ìpín yín lówó pọ́ọ́kú kí ẹ lè jẹun, èyí tí ẹ bá sì ti tà kò ní sí níbẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ tí ọjà bá gbérí. Ẹ mú ẹni tó ní 1,000,000 dọ́là, tó ń ná 40,000 lọ́dún. Ọjà já ní 30%, ó ku 700,000. 40,000 yẹn kì í ṣe 4% mọ́, ó ti di 5.7%. Bí ó bá ń bá a lọ báyẹn fún ọdún mélòó kan, kòtò ló ń gbẹ́.

Kí ni ẹni tó jókòó sílé lè gé kúrò? Ilé ò ṣeé gé sí méjì. Ọkọ̀ ò ṣeé gé. Oúnjẹ àti fàájì nìkan ló kù tó lè fọwọ́ kàn, ìyẹn sì níbi tó mọ. Arìnrìn-àjò ńkọ́? Àdéhùn ilé rẹ̀ ń parí lópin oṣù. Bíi 110 dọ́là lójúmọ́ ni 40,000 lọ́dún. Ó lè kúrò níbẹ̀ lọ síbi tí bíi 77 dọ́là ti tó o gbé lójúmọ́, láìsọ ara rẹ̀ di ẹni tó ń ṣẹ́ ara rẹ̀ níṣẹ̀ẹ́. 28,000 lọ́dún nìyẹn, 4% géérégé nínú 700,000 tó ṣẹ́ kù. Adójútòfò rẹ̀ ò ní dín kù lóòótọ́, nítorí náà inú ilé, oúnjẹ àti ọkọ̀ wíwọ̀ ni gbogbo ìdínkù náà ti máa wá. Síbẹ̀, ẹni tí wọ́n ń pè ní onínàákúnàá yìí gan-an ló ní ààyè láti sọ ìnáwó rẹ̀ kalẹ̀ jù.

Ọ̀nà kan náà ló ń gbà ṣe é nígbà tí ọjà ò já. Ibi tí nǹkan ti gbówó lórí kì í ṣe èèwọ̀, kó ṣáà má pẹ́ níbẹ̀. Bí ó bá lo ọjọ́ 60 níbi tó ń ná 200 dọ́là lójúmọ́, 12,000 nìyẹn. Ọjọ́ 305 tó kù níbi tó ń ná 80, 24,400 nìyẹn. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 36,400, kò tó 100 dọ́là lójúmọ́. Ẹ ṣírò lọ́dọọdún, ẹ má ṣe é lóṣooṣù. Oṣù kan á burú, òmíràn á dára, ẹni tó ń wo oṣù kọ̀ọ̀kan á kàn máa láàgùn lásán ni.

Òfin físà tún ń bá wa ṣe lára ètò yìí. Nínú orílẹ̀-èdè 29 tó wà nínú Schengen ní Yúróòpù, ìyẹn àwọn tó fohùn ṣọ̀kan láti ṣí ẹnubodè wọn sí ara wọn, ọjọ́ 90 ni àlejò lè lò nínú ọjọ́ 180 èyíkéyìí, kì í sì í ṣe ọjọ́ 90 ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn lápapọ̀ ni. Orílẹ̀-èdè Georgia ní tirẹ̀ ń fún ọmọ ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè láyè láti lo odindi ọdún kan láìgba físà. Páásípọ́ọ̀tù tí ẹ dì mú ló máa sọ iye ìgbà tó pọn dandan kí ẹ ṣí, ìṣípò yẹn la sì ti sọ pé òun ló ń jẹ owó.

Ní ti ìlera, ibẹ̀ ni kí ẹ ti fara balẹ̀ ka ìwé. Adójútòfò ìrìn-àjò, ẹni tó máa padà sílé ni wọ́n ṣe é fún. Ó lè sanwó bí ẹsẹ̀ bá kán, ó lè gbé yín padà sílé, ṣùgbọ́n àìsàn tó ti wà lára tẹ́lẹ̀ kì í sábà sí nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ní iye ọjọ́ tí ìrìn-àjò kan ò gbọdọ̀ kọjá. Ẹni tí kò ní ilé kan tó máa padà sí nílò adójútòfò ìlera ti ẹni tó ń gbé lókè òkun, èyí tó máa ń rọlẹ̀ díẹ̀ bí ẹ bá yọ Amẹ́ríkà kúrò nínú ibi tó ń ṣiṣẹ́ dé. Owó rẹ̀ ń gòkè bí ọjọ́ orí ṣe ń gòkè. Iye tí ẹ san ní 45 kọ́ ni ẹ máa san ní 60, torí náà ìlà yẹn nínú ètò yín gbọ́dọ̀ máa yára gùn ju ọ̀wọ́ngógó lọ. Kí ará Amẹ́ríkà má fọkàn lé Medicare, adójútòfò ìlera tí ìjọba wọn ń ṣe fún àgbàlagbà, náà: ọdún 65 ló ń bẹ̀rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn, kì í sì í sábà sanwó ìtọ́jú tí wọ́n gbà lẹ́yìn odi.

Owó orí kò tán torí pé ẹ ò sí nílé. Amẹ́ríkà àti Eritrea ń gba owó orí lọ́wọ́ ọmọ orílẹ̀-èdè wọn níbikíbi tó bá wà. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè mìíràn ń wo ibi tí èèyàn fi ṣe ibùgbé, tí wọ́n sì sábà máa ń ka ẹni tó bá lo ọjọ́ 183 lọ́dún níbẹ̀ sí ẹni tó ń gbé ibẹ̀. Àwọn kan gbà pé bí àwọn ò bá ti pé ọjọ́ 183 níbì kankan, àwọn ti bọ́. Ìlú tí wọ́n ti wá lè ṣì máa kà wọ́n mọ́ ara rẹ̀.

Pàṣípààrọ̀ owó ńkọ́? Lóṣù Kẹfà ọdún 2016, nígbà tí Ilẹ̀ Ọba Gẹ̀ẹ́sì dìbò pé àwọn máa kúrò nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù, pọ́n-ùn, owó wọn, bọ́ láti bíi 1.50 dọ́là sí bíi 1.32 láàárín òru ọjọ́ kan. Ẹni tí owó rẹ̀ wà ní pọ́n-ùn, tó sì ń ná dọ́là, pàdánù ju ìdá mẹ́wàá lọ láìṣe ohunkóhun. Ìdí rèé tó fi dára kí àpamọ́ má wà nínú owó orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo. Ti káàdì kò gùn: ẹ wá èyí tí kì í gba owó kún un ní òkè òkun, torí àwọn kan ń gbà tó 3%, bí ẹ̀rọ ìsanwó bá sì béèrè bóyá ẹ fẹ́ san án ní owó ìlú yín tàbí owó ìlú tí ẹ wà, owó ìlú tí ẹ wà ni kí ẹ tẹ̀.

Ìlà kan ṣoṣo ló kù tí mi ò kì í rí nínú ètò ọ̀pọ̀ wọn: owó ìpadàbọ̀. Ó lè rẹ̀ yín, òbí lè ṣàìsàn, ẹ̀yin náà lè fẹ́ fìdí múlẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ẹ ó san owó ìdúró ilé, ẹ ó ra ibùsùn, ẹ ó ra ìkòkò, bóyá ọkọ̀, láàárín oṣù kan. Ẹ yà á sọ́tọ̀ ní báńkì gẹ́gẹ́ bí owó tí kò sí lára ìlọ́po 25 tàbí 29 yẹn, kí ó má baà jẹ́ pé ìgbà tí ọjà já ni ẹ máa ta ìpín láti fi ra ibùsùn.