Wọn ò fún wa ní Panadol lọ́fẹ̀ẹ́ rí

Oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2023 ni Àǹtí mi fi ohùn ránṣẹ́ sí mi láti Òṣogbo lórí WhatsApp. Ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko. Ilé ìwé ti fún ọmọ wọn kékeré ní lẹ́tà wálé pé àwọn elétò ìlera ń bọ̀ wá gún àwọn ọmọbìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV, tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Ìròyìn tó ń jà nínú ọjà ni pé ìjọba àti òyìnbó fẹ́ ti ilé ọmọ àwọn ọmọ wa pa. "Ìwọ náà ò rò ó ni? Ọmọbìnrin nìkan! Ọmọ tí ò tíì ṣe nǹkan oṣù! Kí ni wọ́n ń wá níbẹ̀?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo fi líǹkì mẹ́ta ránṣẹ́ sí wọn, mo wá fi ọ̀rọ̀ kan kún un tí kò yẹ kí n sọ sí ẹni tó fi ọdún mẹ́sàn-án jù mí lọ. Ọjọ́ mẹ́fà, Àǹtí ò dá mi lóhùn.

Lọ́jọ́ keje ni wọ́n pè. Inú ti rọ̀ díẹ̀, àmọ́ ìbéèrè wà nílẹ̀. "Nígbà tí mo fẹ́ bí ọmọ yìí, ta ló ra ìbọ̀wọ́ tí nọ́ọ̀sì wọ̀?" Mo mọ ìdáhùn, torí èmi ni wọ́n rán níṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Mo ra ìbọ̀wọ́, mo ra òwú, mo ra sìríńjì, mo ra Izal tí wọ́n fi fọ ilẹ̀. Nígbà tí iná lọ, wọ́n tún ní kí n wá owó epo jẹnẹrétọ̀. Ilé ìwòsàn ìjọba ni o. "Ó dáa," Àǹtí ní, "àwọn kan náà ló wá gbé abẹ́rẹ́ tọ ọmọ mi lọ sí ilé ìwé lónìí, tí wọn ò gba kọ́bọ̀. Wọn ò fún wa ní Panadol lọ́fẹ̀ẹ́ rí. Àbí wọ́n fún ìwọ?"

Mi ò rí èsì fọ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti dẹ́kun pípe àwọn tó gba irọ́ abẹ́rẹ́ gbọ́ ní òpè. Èrò ọkàn mi rèé, ẹ lè bá mi jiyàn: ìṣirò ni wọ́n ń ṣe. Ẹni tí kì í ṣe mí lóore, kí ló dé tó ṣàdédé ń ṣe mí lóore? Ìṣirò yẹn kì í tàsé nílùú yìí. Ẹni tó bá fún ẹ ní ìrẹsì lọ́fẹ̀ẹ́, ìbò ẹ ló ń wá. Orí abẹ́rẹ́ àjẹsára gan-an ló ti máa ń tàsé, ibẹ̀ ló sì ti ń pa èèyàn.

Ẹ wo Kano. Ní 2003, àwọn aṣáájú kan níbẹ̀ ní kí aráàlú má ṣe gba àjẹsára rọpárọsẹ̀ tí wọ́n ń kán sọ́mọ lẹ́nu, wọ́n ní ó ń sọni di àgàn. Datti Ahmed, tó wà níwájú wọn, dókítà ìṣègùn ni, ẹ má sọ fún mi pé àìkàwé ló fà á. Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀: ní 1996 ni lọ́rùnlọ́rùn ń pa àwọn ọmọ Kano bí ẹni ń pa eṣinṣin. Pfizer, iléeṣẹ́ oògùn Amẹ́ríkà, dé, wọ́n fi oògùn tuntun tó ń jẹ́ Trovan dánra wò: nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọmọ gba Trovan, nǹkan bí ọgọ́rùn-ún míì gba oògùn tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọmọ mọ́kànlá kú nínú gbogbo wọn. Iléeṣẹ́ náà ní àrùn ló pa wọ́n. Àwọn òbí ní kò sẹ́ni tó sọ fáwọn pé ìdánwò ni. Ó di 2009 kí Pfizer tó fọwọ́ sí i pé àwọn á san mílíọ̀nù 75 dọ́là. Trovan kì í ṣe àjẹsára rárá, àmọ́ ẹ lọ ṣàlàyé ìyẹn fún ìyá tó ti sin ọmọ. Àwọn èèyàn ò sì tíì gbàgbé 1988, tí ìjọba ológun gbé ìlànà jáde pé ọmọ mẹ́rin ni kí obìnrin bí mọ. Nígbà tí wọ́n wá ń kan ilẹ̀kùn kiri láti kán oògùn ọ̀fẹ́ sọ́mọ lẹ́nu, tí ẹni tí ibà ń ṣe ò sì rí oògùn gbà, ìtàn ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Irọ́ ni ìtàn pé àjẹsára ń sọni di àgàn, ó sì sọ ọmọ ọlọ́mọ di arọ. Nǹkan bí ọdún kan ni Kano fi dá àjẹsára dúró. Ìgbà tí wọ́n gbé e wá láti Indonesia, níbi tí Mùsùlùmí pọ̀ sí, ni wọ́n tó gbà. Kòkòrò rọpárọsẹ̀ tó ti ọ̀dọ̀ wa jáde sì rìn títí, ó dé Indonesia gan-an ní 2005. A gba àjẹsára lọ́wọ́ wọn, a fi àrùn san án fún wọn.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín: ká ní ẹnìkan sọ fún yín ní 2010 pé àwọn amí Amẹ́ríkà ń fi abẹ́rẹ́ wá èèyàn kiri, ṣé ẹ ò ní fi í ṣe yẹ̀yẹ́? Ní 2011, CIA lo dókítà kan ní Abbottabad, ní Pakistan, pé kó máa gún àwọn èèyàn ní àjẹsára hepatitis B, kí wọ́n lè mọ ẹni tó wà nínú ilé tí Osama bin Laden sá pamọ́ sí.

Tiwa nílé ńkọ́? Ní oṣù Ọ̀wàrà 2020, àwọn èèyàn já ilé ìkẹ́rùsí ní Mazamaza l'Ékòó, wọ́n já òmíràn ní Ẹdẹ, tí kò jìnnà sí ilé Àǹtí mi. Oúnjẹ tó yẹ kó dé ọwọ́ aráàlú nígbà kónílé-ó-gbélé ló wà níbẹ̀. Ìjọba ní àwọn ṣì fẹ́ pín in ni. Kò pé oṣù márùn-ún, nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́rin abẹ́rẹ́ Kòrónà balẹ̀ sí Àbújá, wọ́n ní ká sáré wá gbà á. Nígbà tó fi máa di oṣù Ọ̀pẹ 2021, wọ́n ti da abẹ́rẹ́ tó lé ní mílíọ̀nù kan nù l'Ábùújá, torí pé ọjọ́ tó kù lórí rẹ̀ ò tó nǹkan nígbà tí òyìnbó fi ta wá lọ́rẹ. Èmi gba tèmi, ẹ̀ẹ̀mejì. Mi ò sì dá ẹni tó sá lẹ́bi.

Ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ HPV yìí, àwa fúnra wa la ṣe é. Ìbéèrè Àǹtí lésì: ìbálòpọ̀ ni HPV, kòkòrò tó ń fa jẹjẹrẹ náà, máa ń gbà ranni, torí náà abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ ṣáájú rẹ̀ dénú ara, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ọmọdé. Ó tán. Àmọ́ ta ló máa dúró níwájú àwọn ìyá, kó sọ bẹ́ẹ̀ nípa ọmọ ọdún mẹ́sàn-án? Lẹ́tà ilé ìwé ò sọ ọ́. Ìtìjú mú wa, a fi àyè sílẹ̀, ẹlòmíì bá wọlé jókòó. Àǹtí fi fídíò kan ránṣẹ́ sí mi lórí ọ̀rọ̀ yìí, mo wò ó parí: ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni ọkùnrin kan fi bú abẹ́rẹ́, ìṣẹ́jú kejìlá ló gbé ìgò àgbo tirẹ̀ jáde, pẹ̀lú nọ́ńbà ìfowópamọ́. Irú ẹni yẹn, mi ò ní sùúrù kankan fún un.

Nọ́ọ̀sì kan tó máa ń ra sẹ̀mó àti mílíìkì lọ́wọ́ Àǹtí ló bá mi parí ẹ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó la gbogbo ẹ̀ mọ́lẹ̀, ìbálòpọ̀ àti gbogbo ẹ̀, ó ní ọmọ tòun náà ti gbà á. Líǹkì mẹ́ta tèmi ò ṣe tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n gún ọmọ kékeré.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ Àǹtí tún pè. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n ọmọ náà ni, ọmọ ọdún 16 tí ètò ọ̀fẹ́ ò kàn. "Wọ́n ní ilé ìwòsàn aládàáni ń gún un, pé owó ẹ̀ le."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó le gan-an.

Àǹtí dákẹ́ díẹ̀. "Ẹ̀n-ẹ́n," wọ́n ní, "a jẹ́ pé ojúlówó ni."