Kóńgò Méjì Lábẹ́ Tábìlì Kan

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yẹn ti sú mi. Ẹnì kan á la ẹnu, á ní kò sóhun tó ń jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, pé èyí tí aráyé bá gbà lásìkò kan ló dáa, èyí tí wọ́n bá kọ̀ ni wọ́n ń pè lẹ́ṣẹ̀. Wọ́n á ní ṣebí wọ́n ń pa ìbejì nígbà kan, lónìí à ń se ẹ̀wà fún wọn. Wọ́n á ní ṣebí torí yẹtí àti ṣòkòtò ni wọ́n ṣe ń lé obìnrin jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì lánàá, ìyàwó pásítọ̀ ló ń wọ̀ ọ́ báyìí. Gbogbo yín lẹ ti gbọ́ ọ, n kò ní tún un sọ.

Kí ẹni tó bá ń sọ bẹ́ẹ̀ gbéra, kó lọ dúró níwájú elẹ́wà ní ọjà tó bá wù ú láàárín Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, kó bá mi wo kóńgò.

Abọ́ irin lásán ni kóńgò, kò sí òǹtẹ̀ ìjọba lára rẹ̀, àmọ́ ọjà ti gbà á ní òṣùwọ̀n. Kóńgò ìrẹsì kan, nǹkan bíi kílò kan ààbọ̀ ni. Àpò ìrẹsì kílò 50 á bọ́ sí kóńgò 33 bí ọwọ́ bá mọ́. "Bí ọwọ́ bá mọ́" yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ọgbọ́n ìrẹ́jẹ tó wọ́pọ̀ jù ni pé kí wọ́n dojú kóńgò délẹ̀, kí wọ́n máa fi òòlù lu ìdí rẹ̀ wọnú díẹ̀díẹ̀, kó má baà ya. Ẹ wo inú rẹ̀ nígbà tó bá ṣófo, ẹ ó rí i tí ìdí yẹn wú sókè bí ikùn àkèré. Àmọ́ ìgbà wo ni wọ́n ń jẹ́ kí kóńgò ṣófo níwájú oníbàárà? Inú ẹ̀wà ló ń sùn, inú ẹ̀wà ló ń jí.

Àwọn tó mọṣẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ kì í lù ú. Àbẹ́là ni wọ́n ń yọ́ dà sídìí rẹ̀. Á dì, á tẹ́ pẹrẹsẹ, tí ẹ bá tiẹ̀ ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, ẹ ó rò pé ìdí kóńgò lẹ kàn. Òmíràn á gé ẹnu kóńgò kúrò, wọ́n á wá yí etí rẹ̀ padà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Èyí ló burú jù lójú tèmi, torí inú rẹ̀ mọ́, ìdí rẹ̀ tẹ́, kò sí àbùkù kankan lára rẹ̀ àfi pé ó kúrú, ẹ ò sì ní mọ̀ pé ó kúrú àyàfi tí ẹ bá gbé òmíràn tì í.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ti alábẹ́là. Ká ní ìdí kóńgò fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 15, kí àbẹ́là sì nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 1 péré. Ìrẹsì tí àyè yẹn ì bá gbà á máa lọ sí bíi gíráàmù 140. Ẹ̀kúnwọ́ méjì náà ni. Ta ló máa ti ọjà délé tó máa mọ̀ pé ẹ̀kúnwọ́ méjì dín? Àmọ́ kí àpò kan tó tán, kóńgò mẹ́ta ó lé ti yọ lórí èyí tó yẹ kó yọ. Kì í ṣe ẹnì kan ló san owó mẹ́ta yẹn. Èèyàn bí ọgbọ̀n ló dá a san, wọn ò mọ ara wọn, ìkankan nínú wọn ò sì mọ̀ pé òun san nǹkan kan.

(Ẹni tó bá fẹ́ mọ òtítọ́, kó mú kóńgò tó dá a lójú láti ilé, kó pọn omi kún un dé ẹnu, kó dà á sínú ti ọlọ́jà. Omi tó bá ṣẹ́ kù ni wọ́n ti ń jẹ lára rẹ̀. Ẹ má fi ẹ̀wà dán an wò o, ẹ̀wà ṣeé tò, ẹ lè jiyàn lórí rẹ̀ di alẹ́. Omi kò gba iyàn.)

Ohun tí mo tìtorí rẹ̀ dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ nìyí. Ọlọ́jà tó ń ṣe báyìí kì í ní kóńgò kan. Méjì ló ní. Èyí tó pé wà lábẹ́ tábìlì, wọ́n á ti fi àpò bò ó. Ó wà fún ìyá àgbà tó ti ta ẹ̀wà rí, fún àwọn ẹgbẹ́ ọjà tó bá wá yẹ òṣùwọ̀n wò, àti fún àlùfáà tójú ń tì í láti rẹ́ jẹ. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló mọ ẹni tó tọ́ sí èwo.

Bó bá jẹ́ pé àwùjọ ti sọ ọ́ di ohun tó dáa, kí ló ń fi àpò bò? Wọ́n á ní gbogbo ọjà ló ń ṣe é. Kí gbogbo ọjà wá gbé òòlù jáde lọ́sàn-án gangan, kí wọ́n máa lù ú lójú oníbàárà. A máa ń fi ẹ̀wà ìbejì han àlejò. A máa ń wọ ṣòkòtò lọ síbi ìgbéyàwó, a tún máa ń ya fọ́tò. Ohun tó yí padà lóòótọ́, a kì í sá pa mọ́ mọ́.

Ẹ sì má sọ fún mi pé ẹ̀sìn àlejò ló kó èrò pé ẹ̀ṣẹ̀ ni ìyẹn wá bá wa. Ìwé Diutarónómì 25 ní kéèyàn má ní òṣùwọ̀n ńlá àti kékeré nínú ilé rẹ̀. Súrà 83 nínú Kùránì, orí àwọn tó ń dín òṣùwọ̀n kù ló fi ègbé bẹ̀rẹ̀, àwọn tó jẹ́ pé tí wọ́n bá ń gbà á, á kún, tí wọ́n bá ń fún ni, á dín. Àárín ìwé méjèèjì jìnnà síra gidi, ọjà méjèèjì ò jọra, ẹ̀ṣẹ̀ kan náà ni. Àwọn baba wa tí kò ka ìkankan nínú méjèèjì náà mọ̀ pé òwò èké kì í bá èèyàn dalẹ́.

Èdè wa gan-an ti là á sọ́tọ̀ kí a tó máa jà lé e lórí. Èèwọ̀ wà, ẹ̀ṣẹ̀ wà. Èèwọ̀ ilé baba mi lè jẹ́ oúnjẹ ilé baba tìrẹ, kò sí ìjà níbẹ̀. Ọdún lè gorí ọdún kí èèwọ̀ kú. Àmọ́ ẹ̀ṣẹ̀, inú "ṣẹ̀" ló ti jáde, kò sì séèyàn tó ń ṣẹ̀ lásán. Ó di dandan kí ẹnì kan wà tí o ṣẹ̀. Ṣòkòtò obìnrin, ta ló ṣẹ̀? Kóńgò alábẹ́là, mo lè ka àwọn tó ṣẹ̀ fún yín láti ìdí àpò dé ẹnu rẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ dákẹ́ sí nìyẹn. Àmọ́ ohun kan kò jẹ́.

Ní 1821 wọ́n kó ọmọ kan tó ń jẹ́ Àjàyí lẹ́rú ní Òṣoogùn, ìpínlẹ̀ wa níbí. Wọ́n mú un dé Ìsẹ́yìn, wọ́n fi í gba ẹṣin. Oṣù bíi méjì lẹ́yìn náà, wọ́n dá ẹṣin padà, wọ́n gba ọmọ. Ọmọ yẹn ló di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther ní 1864. Ẹ wo òwò yẹn dáadáa: kò sẹ́ni tó fi àpò bò ó. Ojú ọ̀sán ni, ẹlẹ́rìí wà, wọ́n dúnàádúrà, ọjà kò sì wuni, wọ́n dá a padà bí ẹni dá aṣọ padà.

Ti àwọn tó wá wàásù fún wa náà ńkọ́? Ẹgbẹ́ Onítẹ̀bọmi tó rán Bowen, míṣọ́nárì ará Amẹ́ríkà, wá, tó fi dé Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1855, ní Augusta ní ìpínlẹ̀ Georgia ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 1845. Ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ya kúrò lára àwọn Onítẹ̀bọmi tó kù ni pé àwọn tó kù yẹn kọ̀ láti rán ẹni tó ní ẹrú ní míṣọ́nárì. 1995 ni wọ́n tó tọrọ àforíjì. Àádọ́jọ ọdún gbáko. Ní gbogbo ìgbà yẹn ni wọ́n ń ka Diutarónómì.

Nítorí náà, ẹ̀rí àpò tí mo gbé kalẹ̀ lókè, tí mo fi ń halẹ̀, kò dúró níbí. Ẹ̀ṣẹ̀ tó tóbi jù kò ní kóńgò kejì lábẹ́ tábìlì.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n tún ojú wo ọjà oko. Kóńgò tí àwọn alájàpá fi ń ra gàrí lọ́wọ́ àwọn ará oko, wọn kì í gbá ojú rẹ̀. Wọ́n á fi apá méjèèjì há a mọ́ra, wọ́n á máa rọ gàrí lé e títí yóò fi ṣe ṣóńṣó, tí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Bí ẹnu kóńgò bá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 18, tí òkìtì yẹn sì ga tó sẹ̀ǹtímítà 6, orí rẹ̀ nìkan á ju ìdá kan nínú mẹ́rin kóńgò lọ. Tí wọ́n bá kó o dé ìgboro, wọ́n á fi ọwọ́ gbá ojú rẹ̀ kí wọ́n tó tà á. Àwọn elépo náà ní tiwọn: kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tí wọ́n ti rọ omi gbígbóná sínú rẹ̀ títí ikùn rẹ̀ fi wú ni wọ́n ń gbé lọ síbi tí wọ́n ti ń fún epo.

Kò sẹ́ni tó ń fi ìyẹn pa mọ́. Ẹ̀rín ni wọ́n ń fi í rín. Ìyá tó ni gàrí gan-an dúró tì í, á ní "ó ti tó o, ó ti tó o," wọ́n á tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Bẹ́ ẹ bá bi í, á ní bí ọjà ṣe rí nìyẹn. Àwọn kan á ní ó ti mọ̀ pé wọ́n máa kó o jọ, ó sì ti fi í sínú iye tó pè, nítorí náà kò sẹ́ni tí wọ́n ṣẹ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ ní àárọ̀, nígbà tí alájàpá pọ̀. Tó bá wá di ìrọ̀lẹ́ ńkọ́, tí ọkọ̀ kan péré ló kù, tí ìyá kò sì lè ru àpò gàrí padà sí oko?