Aláímẹ́ǹtì kọ́ ni oògùn gbogbo ìgbọ̀n

Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, ẹni tó ní bí sítíárìn jíìpù bá ti ń gbọ̀n, aláímẹ́ǹtì, ìyẹn títo táyà kó gún, ni ká lọ ṣe, kò sọ ọ́ re. Aláímẹ́ǹtì tí kò gún máa ń fa ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì máa ń jẹ táyà. Ìgbà wo ló ń gbọ̀n? Bó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì nìkan, ẹ yẹ dísìkì iwájú wò, ìyẹn àwo irin tí bíréèkì máa ń fún mú. Ojú rẹ̀ lè má dọ́gba mọ́. Ẹ má kàn lọ ra pádì bíréèkì ní ọjà Gate, pádì tuntun kò lè tún dísìkì tó ti bàjẹ́ ṣe. Bó bá jẹ́ lórí eré nìkan, báláǹsì táyà ló sábà máa ń jẹ́, ìyẹn ni pé ìwúwo táyà kò dọ́gba yíká. Ẹrẹ̀ tó gan mọ́ inú rímù nìkan lè fà á, ẹ fọ̀ ọ́ ná. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ìgbà tí ọkọ̀ já sí kòtò ló bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sáré mọ́: ẹ fi jáàkì gbé e, kí ẹ mi táyà lókè àti nísàlẹ̀. Bó bá ń yẹ̀, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì (oríkèé tó so ẹsẹ̀ táyà mọ́ ọkọ̀) tàbí bíárìn (èyí tí táyà ń yí lórí rẹ̀) ti jẹ nìyẹn.