Ọpọlọ William nìkan kọ́

Gbogbo ẹni tí mo bá sọ̀rọ̀ nípa fíìmù The Boy Who Harnessed the Wind, ìtàn William, ọmọ tó ṣe ẹ̀rọ tí afẹ́fẹ́ ń yí, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń jáde lẹ́nu wọn: "Ọmọ yẹn mà lọ́pọlọ o!" Òótọ́ ni, ó lọ́pọlọ. Ṣùgbọ́n tí a bá dá ọ̀rọ̀ náà dúró síbẹ̀, a ò tíì fẹnu kan ohun tó dùn mí jù nínú ìtàn náà.

Ìtàn tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ni. Orílẹ̀-èdè Màláwì ni William Kamkwamba ti dàgbà, ní abúlé kan ní agbègbè Kasungu, ọmọ àgbẹ̀ tó ń gbin àgbàdo. Ní 2001 sí 2002, ìyàn ńlá mú níbẹ̀. Òjò kọ́kọ́ rọ̀ jù, ọ̀dá tẹ̀lé e, ìjọba sì ti ta àgbàdo tó yẹ kó wà nípamọ́ de irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún 14 ni William nígbà náà. Bàbá rẹ̀ ò rí owó ilé ìwé san, bí ó ṣe kúrò ní ilé ìwé nìyẹn.

Chiwetel Ejiofor ló darí fíìmù náà, tó jáde ní 2019, òun náà ló sì ṣe Trywell, bàbá William. Maxwell Simba ló ṣe William. Ohun tí mo yìn wọ́n fún ni pé wọn ò fi ebi ṣe ọ̀ṣọ́. Ebi inú fíìmù yìí ń rìn díẹ̀díẹ̀ ni. Oúnjẹ di ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́. Àwọn èèyàn ya wọlé wá kó ọkà tó ṣẹ́ kù. Ajá William kú. Baálẹ̀ dìde níbi ìpàdé òṣèlú, ó sọ òótọ́ lójú ààrẹ, wọ́n wọ́ ọ lọ sẹ́yìn pèpéle, wọ́n sì lù ú bí ẹni máa kú. Ìran yẹn kì í jẹ́ kí n gbà nígbà tí ẹnì kan bá ní òjò ló fa gbogbo rẹ̀.

Annie wá ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n William ni, òun náà mọ̀wé, yunifásítì ló ń retí. Ó sá tẹ̀lé tíṣà kan lọ, kí ẹnu tó ń jẹun nínú ilé lè dín kan. Kò sẹ́ni tó ń dárúkọ Annie tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ọmọ tó lọ́pọlọ nínú fíìmù yìí. Ó ń dùn mí gan-an ni.

Ohun tó ya ọ̀nà William sọ́tọ̀ ni ilé ìkàwé kékeré kan. Níbẹ̀ ló ti rí ìwé tó ṣàlàyé bí a ṣe ń rí iná mànàmáná. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ò tíì dán mọ́rán, àwòrán inú ìwé ló ń tẹ̀ lé, tó fi mọ̀ pé afẹ́fẹ́ lè yí ẹ̀rọ tó ń mú iná wá. Àwọn irin àlòkù tí wọ́n ti jù sí ààtàn ló ṣà jọ láti fi ṣe ẹ̀rọ náà. Ká ní kò sí ìwé yẹn ńkọ́? Ọpọlọ kan náà ni ì bá wà lórí rẹ̀, ọkọ́ ni ì bá sì ti máa fi ro ilẹ̀ gbígbẹ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti kẹ̀kẹ́. William fẹ́ tú kẹ̀kẹ́ bàbá rẹ̀ kó lè fi ṣe ẹ̀rọ náà, bàbá kọ̀, ó tún fọ́ ẹ̀rọ kékeré tí ọmọ ti kọ́kọ́ ṣe. Àwọn kan bínú sí i. Èmi ò lè bínú sí i. Kẹ̀kẹ́ yẹn nìkan ló kù tó lè pè ní ohun ìní, ebi sì ń pa ìyàwó àti ọmọ lójú rẹ̀. Ìyá ló bá a sọ̀rọ̀ títí ọkàn rẹ̀ fi rọ̀. Nígbà tó gbé kẹ̀kẹ́ náà sílẹ̀, omijé bọ́ lójú mi, torí kò tíì rí ẹ̀rí kankan pé nǹkan náà máa ṣiṣẹ́.

Fíìmù mú kó dà bíi pé omi ni ẹ̀rọ náà kọ́kọ́ fà sóko. Ní tòótọ́, gílóòbù mélòó kan ló kọ́kọ́ tàn nínú ilé wọn. Ti omi tẹ̀yìn wá. Kò burú, fíìmù kò lè gùn bí ayé. Àmọ́ ohun tí wọ́n fò yìí ló ká mi lára jù: ìyàn parí, ẹ̀rọ ń yí, William ò sì padà sí ilé ìwé. Ó di 2007, lẹ́yìn tó sọ̀rọ̀ níwájú àwọn àlejò ní Arusha, ní Tàǹsáníà, kí àwọn èèyàn tó dá owó jọ fún ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ní 2014 ló gboyè ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Dartmouth, ní Amẹ́ríkà. Ọmọ tó tan iná fún ilé bàbá rẹ̀ ṣì fi bí ọdún márùn-ún wà nílé nítorí owó ilé ìwé.

Tí ẹ bá tún fẹ́ wò ó, ẹ fojú sí Annie. Ẹ tún wo àwọn ọmọ kíláàsì yòókù tí wọ́n ní kí wọ́n dìde jáde torí wọn ò tíì sanwó. Mo fẹ́ mọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ì bá dà.