Ẹ Kó Bọ́ǹbù Kúrò Láàárín Ìlú

Mítà mélòó ló wà láàárín ilé tí àwọn ṣọ́jà ń kó bọ́ǹbù sí àti ilé aráàlú tó sún mọ́ ọn jù? Ìbéèrè yìí ló yẹ kí gómìnà ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí bárékè wà gbé síwájú Ilé-iṣẹ́ Ètò Ààbò, kó sì gba èsì rẹ̀ ní kíkọ sílẹ̀. Kò sí àṣírí ogun kankan nínú rẹ̀. Ọ̀tá tó bá ń wá bárékè Ìkẹjà kò nílò amí. Agbèrò á júwe rẹ̀ fún un láìgba kọ́bọ̀.

Ó ti lé lógún ọdún báyìí tí bọ́ǹbù inú bárékè náà bú gbàù, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 27 oṣù kìíní, ọdún 2002. Iná ló kọ́kọ́ ṣẹ́ yọ. Ó ràn dé ibi tí wọ́n kó bọ́ǹbù ńláńlá sí, ọ̀kan sì ń bú tẹ̀ lé èkejì fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ọta ń já bọ́ sí àdúgbò, fèrèsé ń fọ́ níbi tó jìnnà réré. Àwọn tó bá ìṣẹ̀lẹ̀ náà lọ lé ní 1,000, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn, bọ́ǹbù ò kàn wọ́n rárá. Inú omi ni wọ́n kú sí.

Àwọn tó ń sá ní ìhà Ìsọlọ̀ àti Òṣòdì kò mọ ohun tó ń bú. Àwọn kan rò pé ológun tún fẹ́ gbàjọba, àwọn mìíràn ní ogun ti dé. Ilẹ̀ ti ń ṣú. Wọ́n kọrí sí oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan tí wọ́n rò pé ó láàbò, wọn ò sì rí i pé kánáàlì Òkè-Àfà wà níbẹ̀. Ewéko tí ń léfòó, irú èyí tó jọ òjúoró, ti bo ojú omi náà bámúbámú, ó sì dà bíi pápá lójú ẹni tó ń sáré nínú òkùnkùn. Ẹni iwájú já sínú omi. Ẹni ẹ̀yìn ò mọ̀, ó ń tì í wọlé sí i. Àwọn ọmọdé pọ̀ nínú wọn. Kò sí ẹni tó ti sọ fún aráàdúgbò tẹ́lẹ̀ pé bọ́ǹbù tó tó bẹ́ẹ̀ wà nítòsí wọn, débi tí wọn á ti mọ ọ̀nà tí wọ́n lè gbà lọ́jọ́ tó bá bú.

Ọ̀gágun tó ń ṣe olórí bárékè náà nígbà náà fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ilé ìkó-ohun-ìjà-sí náà ti gbó. Ó yẹ kí aráàlú mọ ohun tí ogbó túmọ̀ sí níbi ọ̀rọ̀ ọta. Ẹ̀tù tí ń ti ọta jáde kì í dúró bó ṣe wà lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é. Ó ń jẹra díẹ̀díẹ̀, ó ń tú afẹ́fẹ́ olóró àti ooru sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe é fi ń po kẹ́míkà kan mọ́ ọn (diphenylamine ló wọ́pọ̀) tó ń fa afẹ́fẹ́ náà mu. Ọdọọdún ni kẹ́míkà yìí ń dín kù. Tó bá tán, ooru inú ẹ̀tù á máa gun orí ara rẹ̀ títí á fi gbiná láìsí ẹni tó ṣáná sí i, òòrùn ilẹ̀ wa sì ń mú gbogbo rẹ̀ yá kíákíá, pàápàá nínú kọ̀ǹténà onírin. Ọ̀nà kan ṣoṣo láti mọ ibi tó dé ni kí wọ́n bu díẹ̀ nínú ọ̀wọ́ ọta kọ̀ọ̀kan lọ sí ilé àyẹ̀wò. Bí kẹ́míkà tó kù bá ti lọ sílẹ̀ sí 0.2 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ẹ̀tù náà, kò yẹ kí ọta náà tún pẹ́ níbẹ̀, ńṣe ni kí wọ́n lọ bà á jẹ́. Ilé ìkó-ọta-sí tí kò ní ìwé tó kọ ọdún àti nọ́ńbà ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ kò lè ṣe àyẹ̀wò yìí, torí kò mọ èyí tó gbó.

Àwọn nǹkan tó kù kò le: kí fíúsì, ìyẹn ohun tó ń mú bọ́ǹbù bú, wà ní yàrá tirẹ̀, kí àpótí má kan ilẹ̀ tàbí ògiri, kí wọ́n gé koríko, kí wọ́n máa kọ ìwọ̀n ooru sílẹ̀ lójoojúmọ́. Ṣọ́jà tó mọ iṣẹ́ mọ gbogbo ìyẹn. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni àyè.

Ìlànà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kọ́kọ́ gbé jáde ní 2011 fi ìṣirò kan lélẹ̀. Ká ní ohun abúgbàù inú àwọn bọ́ǹbù tó lè bú pa pọ̀ jẹ́ kílò 8,000. 20 lọ́nà 20 lọ́nà 20 ni 8,000. Ẹ mú 20 yẹn, ẹ fi 22.2 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ ó rí mítà 444. Ilé tí èèyàn ń gbé kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tó bá jẹ́ kílò 64,000, mítà 888 ni. Ti ilé ìwé àti ilé ìwòsàn jẹ́ ìlọ́po méjì rẹ̀. Níbi tí ìṣirò náà parí sí gan-an, fèrèsé ṣì lè fọ́, ọta tó bá fò sì lè kọjá ibẹ̀.

Ẹ wo ohun tí ìṣirò yìí ń sọ fún ọ̀gá ológun tó bá ní àwọn ti kó ìdajì ẹrù kúrò. Ìdajì 64,000 ni 32,000, àyè tí ìyẹn ń fẹ́ sì jẹ́ nǹkan bíi mítà 705. Wọ́n kó ìdajì bọ́ǹbù lọ, àyè tí wọ́n nílò kò dín tó ìdá mẹ́rin. Kí àyè tó lè dín sí ìdajì, wọ́n ní láti kó méje nínú mẹ́jọ. Nítorí náà, dídín ẹrù kù kò lè gba Ìkẹjà tàbí ìlú mìíràn tí ilé ti fún pọ̀. Kíkó o kúrò pátápátá ni.

Maputo ní Mozambique rí irú ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìkẹjà ní 2007, Brazzaville ní Congo ní 2012, Bata ní Equatorial Guinea ní 2021, níbi tí ààrẹ wọn ti di ẹ̀bi ru iná oko àti àìbìkítà. Ilé inú ìlú làwọn bọ́ǹbù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn wà. Ìbàdàn náà ti tọ́ ọ wò ní Bódìjà, ní oṣù kìíní ọdún 2024, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun abúgbàù àwọn awakùsà ni tìyẹn, kì í ṣe ti ológun.

A mọ ohun tí àwọn ológun máa sọ: ìgbà tí àwọn dé, igbó ni. Òótọ́ ni. Ìlú ló wá bá bárékè, àwọn tó ń buwọ́ lu pláànù ilé ló sì jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n gba ẹ̀bi tiwọn. Ṣùgbọ́n ilé kò ṣeé kó, bọ́ǹbù ṣeé kó.

Ohun tí a ń fẹ́ ni kí ìjọba àpapọ̀ sọ ìṣirò yẹn di òfin. Kí ó jẹ́ pé ọta ìbọn wẹ́wẹ́ tí ẹ̀ṣọ́ ń lò nìkan ni bárékè inú ìlú á máa kó pamọ́, torí ìyẹn kì í bú lápapọ̀ bí bọ́ǹbù. Kí àwọn tó ń yẹ ilé ìkó-ọta-sí wò má ṣe wà lábẹ́ ọ̀gá bárékè tí wọ́n ń yẹ̀ wò, kí ìjọba ìpínlẹ̀ má sì fọwọ́ sí ilé tuntun kankan nínú àyè tí òfin bá là sílẹ̀. Títí tí kíkó náà á fi parí, kí wọ́n gbé fèrè ìkìlọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n kọ ọ̀nà àsálà sára ògiri àdúgbò, kí wọ́n ṣe ọgbà yí gbogbo kánáàlì tó wà lójú ọ̀nà náà ká. Kí àwọn olùkọ́ sì máa sọ fún ọmọ ilé ìwé pé bọ́ǹbù tó já bọ́ tí kò bú ṣì lè bú: ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má gbé e wálé, ẹ lọ pe àgbà.

Nígbà tí ìṣúná ológun bá tún dé iwájú ìgbìmọ̀ ètò ààbò ní Àbújá, kí àwọn aṣòfin wa béèrè iye tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún bíba ọta tó ti gbó jẹ́. Owó ríra tuntun kì í sábà wọ́n nínú ìwé yẹn.